Orí kúta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ mi, àmọ́ ó ti di ọdún 17 tí mo ti ń dáná ní Kubwa. Ẹja kúta (barracuda) tí mo kọ́kọ́ rà ní Àbújá, wọ́n ti gé e sílẹ̀ kí n tó dé. Mo sè é, ó fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú ọbẹ̀. Kúta kì í fọ́ bẹ́ẹ̀! Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti dé ọjà ẹja ní Kado, ohun tí mo ń sọ ni pé: "Ẹ má tíì gé e o, ẹ jẹ́ kí n rí orí ẹ̀."

Orí kúta gùn, ó mú ṣóńṣó, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì yọ síwájú ju ti òkè lọ. Igi kékeré ni kí ẹ fi la ẹnu rẹ̀, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́. Eyín ibẹ̀ kò dọ́gba, àwọn kan gùn, wọ́n sì mú bí abẹ́rẹ́, torí ẹja bíi ṣáwá àti atòkò ló ń jẹ. Ojú ló fi ń ṣọdẹ. Á dúró jẹ́ẹ́ nínú omi bí igi, tí nǹkan tó ń dán bá kọjá báyìí, ó ti ta lé e bí ọfà. Èyí tí kò bá lè gbé mì, á gé e sí wẹ́wẹ́. Bàbá mi kì í wọ aago tó ń dán lọ sójú òkun, tìtorí ẹ̀ ni.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Lẹbẹ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jìnnà síra gan-an. Tó bá jẹ́ lẹbẹ kan ṣoṣo ló gùn lọ dé ìrù, kúta kọ́ nìyẹn.

Láti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa ju kìlómítà 700 lọ, torí náà ẹ wò ó bóyá yìnyín ṣì yí i ká. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa.

Kúta òkun wa lè gùn tó mítà 2, ṣùgbọ́n èyí tó gùn tó apá mi ni mo ń rà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní etí omi, àgbà sábà máa ń dá rìn. Lọ́hùn-ún ní Caribbean, kúta ńlá máa ń ní oró tó ti ara àwọn ẹja tó jẹ wá. Iná kì í pa oró náà, imú ò sì lè gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ baba ńlá ẹja nínú ìkòkò mi.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gé e nípọn tó àtàǹpàkò, kí ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn kúrò. Ẹran rẹ̀ ki, ó sì tètè ń gbẹ: ẹ jẹ́ kí ata jinná tán kí ẹ tó kó o sí i, ìṣẹ́jú 10 ti tó. Kí ẹ tó da ìfun nù, ẹ la àpò oúnjẹ rẹ̀ wò. Mo ti bá odindi ṣáwá níbẹ̀ rí, ìpẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán, mo sì pe àwọn ọmọ mi wá wò ó.