Bí Tírípọ́ọ̀dù Mi Ṣe Kọ́ Ìdúró Lórí Táìsì

Ilé kan ní Alágbàká, níbí ní Àkúrẹ́, lojú ti tì mí. Ìsọmọlórúkọ ni. Táìsì pálọ̀ wọn ń dán débi pé èèyàn lè fi í ṣe dígí. Mo gbé kámẹ́rà lórí tírípọ́ọ̀dù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà máa ń dúró lé, mo yíjú sí bàbá ọmọ, àṣé ẹsẹ̀ kan ti ń yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà tó jókòó nítòsí ló gbá a mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ rẹ náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wa ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, mo dojú ẹsẹ̀ tírípọ́ọ̀dù náà sókè. Ìdí rẹ̀ ti le gan, ó ń dán bí ẹyin. Mo kọ́kọ́ gé sílípáàsì àtijọ́, mo fi gọ́ọ̀mù tó ń mú lójú ẹsẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan ti já. Irú gọ́ọ̀mù yẹn máa ń gan bó bá gbẹ, sílípáàsì sì ń tẹ̀; àwọn méjèèjì ò lè bára wọn gbé.

Ni mo bá lọ bá fọ́kanáísà kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, mo ní kó fún mi ní túùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, táyà wo lẹ fẹ́ fi lẹ̀?" Mo ní ẹsẹ̀ kámẹ́rà ni. Ó wò mí títí, kò sì gbowó. Ọ̀dọ̀ ṣúmékà ni mo ti ra gọ́ọ̀mù bàtà.

Àtíkè funfun máa ń wà nínú túùbù. Bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́ kúrò, gọ́ọ̀mù ò ní mú. Mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo sá a, mo gé e ní róbótó, méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè nípọn. Mo fi sáńpépà ha rọ́bà àti ìdí ẹsẹ̀ títí dídán fi kúrò. Mo wá fi gọ́ọ̀mù ra ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí n tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ibi táwọn tí ò ní sùúrù ti máa ń bà á jẹ́ nìyí: bí gọ́ọ̀mù bá ṣì tutù, ńṣe ni rọ́bà á máa sún kiri. Mo dì í pinpin, ó di ọjọ́ kejì kí n tó fi réésà gé etí rẹ̀.

Ó dúró lóòótọ́, àfi níbi tí eruku bá wà. Lásìkò ọyẹ́, eruku á dúró sáàárín rọ́bà àti táìsì, ẹsẹ̀ á tún máa yọ̀. Mo wá ń mú àkísà tútù dání, mo ń nu ilẹ̀, mo sì ń nu rọ́bà náà.

Kí n má purọ́, okùn lásán ló ṣe ju rọ́bà lọ. Bí ẹrù bá wà lókè, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń fẹ́ ya síta. Mo so okùn láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì nísàlẹ̀ títí ó fi yí i po, kò sí èyí tó lè sá lọ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó fi àpò iyanrìn kékeré kọ́ àárín rẹ̀, tí ìdí àpò náà kan ilẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa jù fìrìfìrì. Ẹ má fi iyanrìn ṣáájú okùn o. Ńṣe ló máa bá ẹsẹ̀ ya síta.

Rọ́bà dúdú ní wàhálà tiẹ̀ ṣá. Nílé kan tí táìsì wọn funfun báláú, ó fi àpá róbótó mẹ́ta sílẹ̀. Mo rọra bẹ ọmọ ilé náà kó bá mi fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí àkísà, mo sì nu ún kí ìyá rẹ̀ tó ti ilé ìdáná jáde.