Ẹ má tíì kọ lísìtì: bá a ṣe ń yan orin tá a máa kọ lóde ìnáwó

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá báǹdì sílẹ̀, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù ni pé orin wo lèèyàn á kọ́kọ́ kọ lóde, orin mélòó lèèyàn á sì mú lọ. Kí n tó dáhùn, èmi náà máa ń béèrè pé ta ló pè yín? Torí ọ̀dọ̀ àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ lorin ìnáwó ti ń wá. Fẹlá ní tiẹ̀, nígbà ayé ẹ̀, tó bá ti gbé orin kan jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kì í kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́, èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ ló máa kọ fáwọn tó bá wá sí Shrine n'Íkẹjà, wọ́n sì ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè yín wá síbi ọjọ́ ìbí ìyá ẹ̀ ò ní gbà o, orin tí ìyá mọ̀ ló fẹ́.

Kọ́jọ́ tó pé, ẹ pe onínàáwó, kẹ́ ẹ mú bírò dání. Orúkọ àwọn ọmọ, orúkọ àwọn àna, ìlú bàbá, ìlú ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí mọ́ṣáláṣí, ìyàwó mélòó ló wà nílé, ta ni ìyáálé. Ẹ má fojú kéré ti ìyàwó yẹn, ilé olórogún tẹ́ ẹ bá lọ fi orin ọ̀tá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti máa wo ara wọn lójú, òde bàjẹ́ nìyẹn.

Ìlú ńkọ́? Wọ́n pè wá lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dún kan, mo kàn gbà pé Ẹ̀gbá ni wọ́n, mi ò béèrè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n lọ́mọ Lísàbí. Bàbá àgbàlagbà kan ti dìde, ó ti ń ka náírà bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ló bá dúró, ó ká owó ẹ̀ padà sápò agbádá, ó lọ jókòó. Ìjẹ̀bú-Òde ni gbogbo wọn ti wá! Ó dùn mí gan-an torí bàbá yẹn fẹ́ jó. Látìgbà yẹn, orí ìwé pélébé ni mò ń kọ ìlú àtorúkọ sí, mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ máìkì.

Ìsìnkú náà ò rí bákan náà. Bàbá tó pé 90 tó fọmọ àtọmọ-ọmọ sílẹ̀, ijó ni, ẹ lè gbé e sókè látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni 60, tí opó ẹ̀ ṣì ń sunkún níjòókòó, orin ìyìn tó rọra ń lọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ pẹ́ lórí ẹ̀ títí àwọn ọmọ fúnra wọn á fi dìde.

Ẹ wá to orin. Ìdì-ìdì la máa ń dì í, orin mẹ́rin márùn-ún tí key wọn, ìyẹn ìpele ohùn tá a ti ń kọ wọ́n, jẹ́ ọ̀kan, tí ìlù wọn sún mọ́ra, ká lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láì dúró. Bí jùjú ṣe ń rí lóde náà nìyẹn, ẹ lọ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé ti nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, ẹ máa rí èyí tí ojú kan ẹ̀ ń lọ gbọnrangandan fún bí ìṣẹ́jú 18, tí orin oríṣiríṣi so kọ́ra nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ìdì tí key ẹ̀ yàtọ̀, kí jìtá dákẹ́, kí gángan àti àkúbà gbà á, onígángan á máa sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á máa jó lọ, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ ń wá ohùn.

Ẹ má kó gbogbo orin tó ga sí wákàtí àkọ́kọ́, ohùn yín á há. Tí wọ́n bá ń jẹun, háíláìfù tó tutù ti tó, ta ló fẹ́ fi ọwọ́ àmàlà wá náwó?

Tẹ́ ẹ bá wá dé orí ìtàgé, ẹ gbàgbé lísìtì díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wojú. Onígángan wa mọ ojú wò jù mí lọ. Lóde kan n'Íbàdàn, orin àwọn ọ̀dọ́ là ń kọ lọ́wọ́, ó rí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kánópì, ìyá náà ò jó o, ìka ẹ̀ méjì ló ń fi lu tábìlì, ìlù tó sì ń lù, ó lọ́ra ju tiwa lọ. Ló bá fi gángan pe orin àtijọ́ kan, mo gbà á lẹ́nu ẹ̀, ká tó dé ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyá ti tún gèlè dì, gbogbo tábìlì wọn ti tẹ̀ lé e bọ̀. Wákàtí kan gbáko la fi wà níbẹ̀, orin mẹ́jọ tó wà lórí lísìtì, a ò kọ ìkankan. Torí irú ẹ̀ la ṣe ń ṣe ríhásà orin tó pọ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tá a máa kọ.

Àmọ́ ẹ fi ìdì kan pamọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án títí onínàáwó á fi dìde tó máa lọ kí àwọn àlejò ní tábìlì sí tábìlì. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú ìwé pélébé yẹn, kẹ́ ẹ máa pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, kí ti ìyáálé ṣíwájú.