Ọjọ́ 47 ni mo fi wá kọ́kọ́rọ́ ojú òpó ẹgbẹ́ wa

Ìyá akápò wa ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ta ló ń fi kádì mi polówó?” Mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n bá ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì sí mi létí. Ọjọ́ 21 gbáko ni owó ti ń yọ́ kúrò lára kádì wọn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó sùn.

Ẹgbẹ́ kékeré ni wá. A máa ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún wa ló ṣí ojú òpó ìkànsíraẹni wa, ó sì ṣe é dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n orí àkáǹtì tirẹ̀ ló ṣí i sí, òun nìkan sì ni alábòójútó. Ó gba kádì ìyá akápò, ó fi sanwó kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè rí fọ́tò wa kan. Ó yan iye tí yóò máa ná lójúmọ́, kò yan ọjọ́ tí yóò parí. Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́. Yóò máa ná owó lọ títí ẹnì kan yóò fi dá a dúró, ẹni tó sì lè dá tiwa dúró ti ríṣẹ́ síbòmíràn, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, wọ́n sì ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí ọ̀ràn mìíràn tí kò kàn wá.

Kí ni owó náà rà? Láìkì tó lé ní 2,000. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó fún wa ní táyà. Ní 2013, ẹ̀ka UNICEF ní Sweden gbé ìpolówó kan jáde tó ní bí ẹ bá tẹ láìkì fún àwọn, òdo ni iye ọmọ tí àwọn máa fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní wọ́n ń gbéra ga. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Báńkì ti kádì náà pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó dúró. Ojú òpó ló kù.

N kò ní dárúkọ ojú òpó náà. Fọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba ojú ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ padà: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, káàdì ìdánimọ̀ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú, lẹ́tà tí wọ́n buwọ́ lù. Mo kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, mo sì ń yangàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, èsì dé: orúkọ kò bára mu. Òótọ́ ni. Orúkọ gígùn ló wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìnagijẹ kúkúrú tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn rò pé yóò dùn létí ló wà lójú òpó. Wọ́n ní kí n lọ yí orúkọ ojú òpó padà kó lè bá ìwé mu. Alábòójútó nìkan ló sì lè yí i padà. Ẹ gbọ́ ọ ná: kí n wọlé kí n tó lè gba kọ́kọ́rọ́ ilé!

Mo kọ lẹ́tà ṣàlàyé. Èsì kejì ní fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ kò mọ́lẹ̀. Mo tún un yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, etí káàdì gé kúrò, wọ́n tún dá a padà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo dúró ọjọ́ 13. Ìgbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn ni mo rí i pé wọ́n ti kọ̀wé sí mi tipẹ́, ímeèlì náà wọ inú àpótí ìdọ̀tí (spam) lọ, wọ́n sì ti pa ẹ̀sùn mi dé nítorí pé n kò fèsì. Mo pariwo nínú ọ́fíìsì débi pé alága wa yọjú wò mí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ojú òpó ṣì wà níta pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò lọ mọ́. Obìnrin kan tó fẹ́ fún wa ní kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tó di olóògbé pe nọ́ńbà yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó rò pé a ti tú ká.

Ohun tó yọ wá ni ohun tó kó wa sí wàhálà. Mo gba àkọsílẹ̀ báńkì ìyá akápò, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo owó ìpolówó náà pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, mo fi ìwé ìléwọ́ wa àtijọ́ tó ní orúkọ méjèèjì kún un. Ta ni yóò máa sanwó fún ojú òpó tí kì í ṣe tirẹ̀? Ní ọjọ́ 47, èèyàn gidi fèsì, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo wọlé. Orí mi wú, mo fò sókè bí ọmọdé.

Ayọ̀ náà kò pé wákàtí kan. Gbèsè wà nílẹ̀, owó ìpolówó tí wọn kò rí gbà lẹ́yìn tí a ti kádì pa. Àtẹ̀jíṣẹ́ 61 tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí sì wà nínú àpótí. Mẹ́sàn-án nínú wọn, táyà àti ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún wa. A ń fi owó wá ojú àwọn tí kò mọ̀ wá, àwọn tó mọ̀ wá ń kanlẹ̀kùn, a ò dá wọn lóhùn.

Mo fèsì fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ̀rọ̀ kan síta, láìsí ìpolówó: “Kẹ̀kẹ́ 6 wà nílẹ̀, táyà 11 ló kù kí wọ́n tó lè yí.” Mo sọ ìwọ̀n táyà náà, mo sì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi sí “status” WhatsApp wọn. Táyà pé lọ́jọ́ kẹrin. Mo fi fọ́tò àwọn kẹ̀kẹ́ tó ti ń yí síta lọ́jọ́ karùn-ún, lẹ́yìn tí àwọn tó ni wọ́n gbà kí a yà wọ́n.

Alága wa ṣì fẹ́ kí a ṣe irú ìpèníjà tí àwọn èèyàn fi ń da omi yìnyín sórí ara wọn láti kówó jọ ní 2014. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé, pé ALS Association, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti ALS, àìsàn tó ń gba agbára iṣan ara, rí mílíọ̀nù 115 dọ́là. Mo ní, “Bàbá, àjọ yẹn kọ́ ló dá a sílẹ̀ o. Àwọn tí àìsàn náà ń ṣe nígbà náà, Pete Frates àti Pat Quinn, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló tàn án kálẹ̀.” Wọ́n ní kí n ṣáà ronú sí i.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ojú òpó, ẹ lọ wo iye alábòójútó tó ní lónìí. Tiwa ti di mẹ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú ààbò onípele méjì (ọ̀rọ̀ aṣínà àti kóòdù) lórí fóònù tirẹ̀, mo sì tẹ àwọn kóòdù ìpamọ́ tí a lè fi wọlé bí fóònù bá sọnù sórí ìwé sínú fáìlì tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà. Orúkọ orí ìwé yẹn gan-an ni ẹ kọ sójú òpó, bó tilẹ̀ gùn bí okùn. Ẹ máa yẹ àpótí ìdọ̀tí ímeèlì wò. Ìpolówó tí kò bá ní ọjọ́ ìparí, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ìyá akápò ti gba kádì tuntun. Mo bi wọ́n bóyá a lè fi san gbèsè ìpolówó tó kù. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú tèmi wá.