Bí Mo Ṣe Ka Àwọn Ẹyẹ Òkun Tí Àwọ̀n Wa Mú, àti Ohun Tí A Yí Padà

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ nígbà tí àkókò ìpẹja tó kọjá bẹ̀rẹ̀ ni pé kí n kọ gbogbo ẹyẹ òkun tí àwọ̀n wa bá mú sílẹ̀, èyí tó kú àti èyí tó ṣì ń mí, kí n sì fi àkọsílẹ̀ náà wá ọ̀nà tí a ó fi dín wọn kù. Láti ìgbà tí mo ti ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, bí ẹyẹ bá ti bá àwọ̀n gòkè, a máa ń já a kúrò, a ó sọ ọ́ padà sómi, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá mẹ́wàá ni lọ́dún tàbí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo sọ èrò mi fún ọ̀gá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, a kò ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́?" Mo ní, "Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ gan-an nìyẹn, ọ̀gá."

Irú àwọ̀n tí à ń lò ni èyí tó máa ń nà gbọọrọ bí ògiri nínú omi: àwọn ike tó ń léfòó gbé etí rẹ̀ ti òkè dúró, òjé fa etí rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹja tó bá sì ki orí bọ ojú àwọ̀n á há síbẹ̀. Láyé àtijọ́, òwú tó nípọn, tó sì hàn nínú omi, ni wọ́n fi ń hun irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1950 tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ́ gaara débi pé ẹja kì í tètè rí i. Ẹyẹ náà kì í rí i. Àwọn tó sábà máa ń kó sínú rẹ̀ ni àwọn amòòkùn: cormorant, murre, oríṣiríṣi pẹ́pẹ́yẹ òkun, àti penguin ní apá gúúsù ayé. Murre lè wọ omi lọ jìn ju 100 mítà lọ láti lé ẹja, ẹja tó sì ń lé náà ni àwa ń wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí a bá ti ń rí ẹja pa jù lọ ni a ti ń pàdé wọn. Bí ọrùn ẹyẹ bá ti kọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi, èémí tó fà sínú kó tó mòòkùn nìkan ló kù fún un.

Àgbéyẹ̀wò ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fojú bù ú pé, ó kéré tán, 400,000 ẹyẹ ni irú àwọ̀n yìí ń pa káàkiri ayé lọ́dọọdún. Nígbà tí ẹnì kan bá gbọ́ pé murre kì í yé ju ẹyin kan ṣoṣo lọ lọ́dún, tí ó sì máa ń tó bí ọdún márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé rárá, yóò mọ̀ pé àwọn tó ń kú yìí kì í ṣe ohun tí a lè rọ́pò láàárín ọdún kan tàbí méjì.

Ìwé tí mo lò jẹ́ ìwé àjákọ lásán tí mo fi ọ̀rá wé. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń kọ ọjọ́, wákàtí tí àwọ̀n wọ omi àti èyí tó jáde, bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó, bí ojú àwọ̀n ṣe fẹ̀ tó, bí ẹja ṣe pọ̀ tó, àti ibi tí ẹyẹ ti há, bóyá nítòsí etí òkè ni tàbí nísàlẹ̀. Mo tún ń ya àwòrán orí, apá àti ẹsẹ̀ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nínú omi àti ẹ̀jẹ̀ ó rọrùn láti pe ẹyẹ kan ní òmíràn. Ọjọ́ tí àwọ̀n kò mú ẹyẹ kankan náà ni mo ń kọ. Ẹni tó bá fojú fo àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè mọ ohun tó yàtọ̀ nínú ọjọ́ tí ẹyẹ kú.

Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni a fa cormorant kan jáde láàyè. Ó dá mi lójú pé ìgbà tí àwọ̀n ti ń gòkè bọ̀ ló kó sí i. Ọ̀gá dá ẹ̀rọ ọkọ̀ dúró, ó sì di àwọ̀n náà mú kí ìwúwo ẹja má bàa fa okùn mọ́ ẹyẹ náà lára. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì fi awò bo ojú mi, nítorí pé ojú ni ẹyẹ yìí máa ń sọ bí ẹ̀rù bá bà á, àgógó rẹ̀ sì ní ìkọ́ lórí. Ìbọ̀wọ́ náà wúlò nítorí àrùn pẹ̀lú, torí láti 2021 wá ni àrùn àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ti pa ẹyẹ òkun lọ jàra. Mo ju táwẹ̀lì bò ó lórí, mo pa apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ara rẹ̀, mo sì di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú láìfún ọrùn. N kò di ẹnu rẹ̀ pa. Cormorant kò ní ihò imú tó ṣí síta, ẹnu ló fi ń mí, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ pa àgógó rẹ̀ dé pẹ̀lú èrò pé òun ń dáàbò bo ara òun lè pa á síbẹ̀.

Mo wá wo ìhà tó gbà wọ inú àwọ̀n, kí n lè gba ibẹ̀ náà dá a padà. Òwú mẹ́ta ló yí i lọ́rùn, ọ̀kan ti wọ abẹ́ ìyẹ́ débi pé n kò rí i, àfi bí mo ṣe fi ìka tẹ̀lé e títí mo fi kàn án. Bí mo bá fà á pẹ̀lú agbára, ṣe ni yóò gé awọ. Mo ki ẹnu sísọ́ọ̀sì kékeré bọ abẹ́ òwú náà, mo sì gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rí ojú àwọ̀n tí mo gé, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo yẹ abẹ́ apá, oríkèé ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ wò bóyá òwú kankan ṣẹ́kù, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù á máa fún ẹyẹ náà lọ títí yóò fi pa á níbi tí ojú wa kò tó. Ìyẹ́ rẹ̀ ti rin gbingbin. Mo gbé e sínú páálí tí mo ti lu ihò sí, tí mo tẹ́ táwẹ̀lì gbígbẹ sí, mo pa á dé, a kò sì fún un ní oúnjẹ tàbí omi. Nígbà tí ó fi máa di bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, a gbọ́ tó ń họ páálí. Mo ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó dìde dúró, ó gbọn ara, ó sì bọ́ sínú òkun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí oṣù àkọ́kọ́ pé, ẹyẹ méje ló wà nínú ìwé mi, cormorant náà nìkan ló sì yè. Márùn-ún nínú wọn ló kú sínú àwọ̀n tí a dẹ ní ìdájí sí ibi tí omi kò jìn, etí òkè àwọ̀n ni wọ́n sì ti há. Méje kéré láti fi ṣe ẹ̀rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí àwọn mìíràn ti rí mu. Ní Puget Sound, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ wà lára àkókò tí ẹyẹ ń kó sínú àwọ̀n jù, pé híhun òwú funfun tó nípọn sí apá òkè àwọ̀n máa ń dín iye wọn kù, àti pé bí a bá pa irú ọgbọ́n wọ̀nyí pọ̀, ikú ẹyẹ lè dín kù tó ìdá 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún láìsí pé ẹja tí à ń wá dín kù lọ́nà tó ṣe gbòógì.

Mo ro ti iná pẹ̀lú. Ní Peru, iná aláwọ̀ ewé tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n dín ikú cormorant kù gan-an. Ṣùgbọ́n ní Òkun Baltic, iná funfun tó ń ṣẹ́jú ṣe ni ó mú kí irú pẹ́pẹ́yẹ òkun kan tún kó sínú àwọ̀n sí i. Èyí ló jẹ́ kí n pinnu pé a kò ní so iná kankan mọ́ àwọ̀n wa láìjẹ́ pé ẹnì kan ti dán an wò lára irú ẹyẹ tó wà lọ́dọ̀ wa, nítorí pé àṣìṣe níbẹ̀, ẹyẹ ni yóò fi ẹ̀mí san án.

Nítorí náà, ohun méjì la ṣe. A kò dẹ àwọ̀n ní ìdájí mọ́. A ń dúró kí ojúmọ́ mọ́ kedere, bí a bá sì rí agbo ẹyẹ tó ń mòòkùn níbì kan, a ó kọjá síwájú. Lẹ́yìn náà, mo rán òwú funfun sí òkè ìdajì àwọn àwọ̀n wa, mo sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ìrán náà gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin, òwú náílọ́ọ̀nù sì ń bọ́ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn bá di irun mú. Dídúró de ojúmọ́ ló nira fún ọ̀gá jù, nítorí àkókò yẹn ni ẹja máa ń wọlé, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí ẹrù wa fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá. N kò lè fi èyí pa mọ́ fún apẹja tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù méjì tó tẹ̀lé e, ẹyẹ mẹ́ta péré ló wọ ìwé mi: méjì nínú àwọ̀n tí n kò rán, ọ̀kan nínú èyí tí mo rán. Ọ̀gá ti ní kí n rán ìyókù kí àkókò mìíràn tó dé.

Ní òwúrọ̀ tí a fa àwọ̀n ìkẹyìn, kò sí ẹyẹ kankan nínú rẹ̀. Bí a ti ń ká a wọnú ọkọ̀, cormorant kan yọ sókè ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí àwọn ike tó ń léfòó, ẹja wà ní àgógó rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì tún mòòkùn. Ọ̀gá tọ́ka sí ìwé tó wà lórí itan mi, ó ní, "Kọ ìyẹn náà." Kò sí àyè tí mo là sílẹ̀ fún irú rẹ̀, ni mo bá kọ ọ́ sí etí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.