Mọ́tò tí a kò tíì san tán ti kọṣẹ́: ta ni yóò tún un ṣe?

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì ní Múṣin. Tẹ́lẹ̀, ohun tí oníbàárà máa ń bi mí ni pé, "Kí ló ń ṣe é?" Ní báyìí, ìbéèrè ti di méjì: "Kí ló ń ṣe é, ta ló sì máa san án?" Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa ni kì í ṣe ti ẹni tó wà á wá. Díẹ̀ lára ìbéèrè wọn nìyí. N kì í ṣe lọ́yà o. Ìwọ̀nba òfin tí mo mọ̀, ọjọ́ tí wọ́n wá wọ́ mọ́tò tèmi lọ ní ìdájí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2008 ni mo fi ń gbé èrò. Hire purchase ni, ìyẹn ni pé mò ń lò ó, mo sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó di tèmi: ₦60,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 104. Mo ti san ọ̀sẹ̀ 58, n ò jẹ gbèsè rárá. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gbóná bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti ká mi mọ́ orí Third Mainland. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí n mú ₦900,000 wá. Ẹni tó ni mọ́tò ní kò kan òun. Mo fẹ́ dá owó ọ̀sẹ̀ dúró kí n fi tún un ṣe. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì mú kọ́bọ̀ wá, má sì tíì dá owó ẹnikẹ́ni dúró. Kí ni mẹkáníìkì rẹ rí tó fi ní ẹ́ńjìnnì ti lọ? Mọ́tò tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dúró sójú kan nìkan ló ń gbóná, fáànù ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Bí o bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Bí o bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó ń fẹ́ ẹ. Tan AC, kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o wò ó bóyá ó ń yí.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó sítáátì rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ tutù nini, ṣí ìdérí rédíétọ̀. (Má dán an wò nígbà tó bá gbóná o. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí omi náà bó lójú.) Ṣé epo léfòó lórí omi? Ṣí ìdérí ibi tí a ń bu epo ẹ́ńjìnnì sí, kí o wo abẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí nǹkan tó funfun, tó sì ki bí ògì, omi ti ń dàpọ̀ mọ́ epo nìyẹn. Wá sítáátì rẹ̀, kí o fi ìdérí rédíétọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí omi bá ń yọ ìfófòó láìdúró nígbà tí kò tíì gbóná rárá, afẹ́fẹ́ iná ẹ́ńjìnnì ló ń wọ inú omi. Top gasket nìyẹn, ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀.

Bí o kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ó lè jẹ́ fáànù, ìdérí rédíétọ̀ tó ti rọ̀, water pump tó ń jò, tàbí rédíétọ̀ tó ti dí. Ìyẹn kò sún mọ́ ₦900,000 rárá. Bí ó bá sì jẹ́ top gasket lóòótọ́, má jẹ́ kí wọ́n kàn pààrọ̀ gasket kí wọ́n dé e padà. Kí wọ́n gbé top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ, kí wọ́n fi irin gígùn wọ̀n ọ́n lójú rẹ. Bí ó bá ti wọ́, gasket tuntun kò ní pẹ́ jó.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Àwọn kan lára wa máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní kò wúlò nílùú gbígbóná. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á sì máa da epo bẹntiróòlù sí i jù. Omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń bù sí rédíétọ̀ ńkọ́? Ìpẹtà tó ń dí i, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ó wá kan ti owó. Ọ̀sẹ̀ 104 ní ₦60,000 jẹ́ ₦6,240,000. O ti san ₦3,480,000. Òfin hire purchase tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1965 sọ pé bí ẹni tó ń san owó mọ́tò bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹni tó ni ín kò lè kàn wá gbà á mọ́, àfi kó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó tìrẹ jẹ́ ₦3,744,000. Ó ku ₦264,000 kí o dé ibẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 5 péré! Ṣé ibi tó yẹ kéèyàn ti dá owó dúró nìyẹn? Bí o bá jẹ gbèsè níbi tí o wà yìí, agbára ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni mọ́tò láti wá wọ́ mọ́tò lọ. Bí o bá tilẹ̀ kọjá ibẹ̀, tí o bá jẹ gbèsè owó ìgbà mẹ́ta, òfin yẹn ṣì fún un láyè láti gbé mọ́tò náà pamọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ipá gbà á lẹ́yìn tí o ti kọjá ibẹ̀, láìlọ sí kóòtù, àdéhùn ti tú, o sì lè gba gbogbo owó tí o ti san padà.

Ìbéèrè: Ẹni tó ni mọ́tò kò mọ̀ pé mo ti bá wọn dúnàádúrà ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀. Ṣé kí n kàn pààrọ̀ ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé mọ́tò. Ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa bi ọ́ léèrè, ẹni tó ni ín náà sì lè ní o ta ẹ́ńjìnnì òun. Kó fọwọ́ sí i ná. Gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí o lè fi dán an wò síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, jíà mọ́tò mi kì í tètè mú bí mo bá fi í sí D láàárọ̀. Wọ́n ní kí n ra jíà mìíràn. Ó ku oṣù mẹ́jọ kí n san owó kóópù tí mo fi rà á tán.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo epo jíà. Bí ó bá pupa, tí kò rùn, ó lè jẹ́ pé ó kàn dín ni, tàbí pé epo tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n bù sí i. Bí ó bá dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, jíà ti ń jẹ ara rẹ̀ nínú, ọ̀rọ̀ owó ti dé. Ní ti gbèsè, ọ̀tọ̀ ni tiyín: kóópù yá yín lówó, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fà á gùn. Ẹ lọ kí ó tó di pé ẹ pa oṣù kan jẹ. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè kí ó tó wá bẹ̀bẹ̀, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, láti Peckham ní London ni mo ti ń kọ̀wé. Mo gba mọ́tò àlòkù lọ́wọ́ díláà ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ayánilówó ló san án, èmi sì ń san fún wọn lóṣooṣù. Timing chain, ìyẹn ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, ti ń pariwo. Díláà ní wáráńtì ti tán, kí n mú £2,400 wá.

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ má san án. Ọ̀rọ̀ yín kò sí lọ́wọ́ wáráńtì. Lábẹ́ Consumer Rights Act 2015, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, bí àbùkù bá hàn láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ gbà á, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò sàn, ẹ lè kọ mọ́tò náà, kí ẹ dá a padà fún wọn.

Ilé-iṣẹ́ ayánilówó lẹ máa kọ̀wé sí, torí pé àwọn ló ni mọ́tò títí ẹ ó fi san tán. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́fà, ẹ kọ ọ́ lónìí. Ẹ wá mẹkáníìkì tí kò bá díláà tan, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ owó àti oníbàárà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà máa san owó oṣù lọ, kí orúkọ yín má bàa bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó.

Ìbéèrè: Èmi oní-Corolla ni o. Top gasket ni lóòótọ́. Ẹni tó ni mọ́tò ti rọ̀, ó ní kí n fi owó mi tún un ṣe, kí n máa yọ ₦20,000 nínú owó ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Gbà á, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán. Kọ iye tó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti nọ́ńbà mọ́tò sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kí ó wà níbẹ̀ gbangba pé ₦20,000 tí o bá yọ, owó tí o ti san ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe gbèsè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ₦40,000 ni wọn yóò máa kà fún ọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 5 rẹ á sì di 7. Kí ẹni tó ni mọ́tò fọwọ́ sí ohun méjèèjì tí o kọ yìí, kí ẹnìkan ṣe ẹlẹ́rìí, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù kí o tó kúrò níbẹ̀.