Softener tó ń jẹ iyọ̀ jù: ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ra rẹ́sìnì

Softener, ẹ̀rọ tó ń mú omi líle rọ̀ kí ọṣẹ lè hó, máa ń fi omi iyọ̀ fọ rẹ́sìnì, ìyẹn wóró inú rẹ̀ tó ń gba líle omi, lóòrèkóòrè. Bó bá wá di ojoojúmọ́, nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ ná: lítà rẹ́sìnì kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 50 lára líle omi kó tó yó. Ká ní lítà 25 ló wà nínú ti yín, tí àyẹ̀wò sì sọ pé líle omi borehole yín jẹ́ mílígíráàmù 150 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, omi bíi lítà 8,300 ni yóò mú rọ̀ kó tó tún fẹ́ iyọ̀. Ilé tó ń lo lítà 800 lójúmọ́ yẹ kó tó ọjọ́ 10 kó tó fọ̀ ọ́. Ní Abẹ́òkúta, omi Ọ̀bàntokò lè yàtọ̀ sí ti Adígbẹ. Ti ilé yín gan-an ni kí ẹ wọ̀n.

Ibi tó ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Lóru, ẹ ti gbogbo táàpù, kí ẹ wo ojú ẹ̀rọ náà: iye omi tó ń kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni olè náà sábà máa ń wà. Ẹ po búlúù tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ dà á sínú táǹkì ẹ̀yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi inú àwo bá di aláwọ̀ aró, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Omi tín-ín-rín tó lè kún ìgò sẹ́ńtílítà 75 ní ìṣẹ́jú 5 ń kó lítà 216 lọ lójúmọ́.

Bí kò sí ibi tó ń jò, nọ́ńbà líle omi tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í ka mílígíráàmù. Grain ni wọ́n ń kà, grain 1 sì jẹ́ bíi mílígíráàmù 17 nínú lítà. Omi 150 yẹn, 9 ni kí ẹ tẹ̀. Bí pọ́lọ́ḿbà bá lọ tẹ 150, ẹ̀rọ á gbà á gbọ́, á sì máa fọ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ríṣẹ́ mìíràn ṣe. Bí garawa yín bá ń pọ́n bí ìpẹtà, irin wà nínú omi: ẹ fi grain 4 kún un fún mílígíráàmù irin kọ̀ọ̀kan. Bí irin náà bá pọ̀, asẹ́ irin ni kó ṣáájú softener, torí ìpẹtà máa ń bo rẹ́sìnì.

Èyí tí àwọn onílé kì í sábà fura sí ni agbára omi. Bar ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, softener sì nílò bíi bar 1.4 kó tó lè fa omi iyọ̀ dáadáa. Táǹkì orí òpó tó ga ní mítà 6 kò lè fún un ju 0.6 lọ, àfi kí ẹ fi pọ́ǹpù kún un. Bí iná bá sì lọ ní aago méjì òru tí ìfọ̀ ń lọ lọ́wọ́, pọ́ǹpù á dákẹ́, fáàfù lè há sí àárín, omi á máa ṣàn lọ sí gọ́tà. Ọṣẹ kò ní hó láàárọ̀, onílé á tún tẹ bọ́tìnì, iyọ̀ á tún lọ. Ẹ gbé ìfọ̀ sí ìgbà tí iná sábà máa ń wà. Ẹ fi máákà sàmì sí ojú omi inú ike iyọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ ti omi, ẹ tú injector, ẹnu kékeré tí ẹ̀rọ fi ń fa omi iyọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ iyanrìn inú rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un o, ihò rẹ̀ á fẹ̀. Ẹ fi igi gún iyọ̀ náà wò pẹ̀lú. Ó máa ń dì lókè nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣófo.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gbọ́ ti ẹni tó ní rẹ́sìnì ti kú. Ẹ bù díẹ̀ sọ́wọ́: èyí tó ṣì dára rí róbótó bí ẹyin ẹja, kì í fọ́ bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ á rún mọ́ yín lọ́wọ́.