Ìwádìí Lórí Ìbò: Ibi Tí Owó Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Ti Ń Ṣòfò

Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan kó ìwé ìbéèrè 800 wá síwájú mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀: owó ọkọ̀, owó àwọn ọmọ mẹ́fà tó bá a wọ ilé dé ilé, owó ìwé títẹ̀. Níbi tó ti bi wọ́n bóyá wọ́n dìbò lọ́dún 2023, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ní àwọn dìbò. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún yẹn, ìbò ààrẹ tí wọ́n kà kò pé mílíọ̀nù 25. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn mí. Inú sì bí mi, torí ihò kan náà ni mo ti ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń da owó sí láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ ohun tí à ń pè ní ìwádìí, mi ò ní í bẹ̀rẹ̀ láti á-bí-dí. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má ṣe sọ pé ìdá báyìí ló jáde dìbò láìsọ ìdá nínú kí ni. Bí ẹ bá pín ìbò ààrẹ 2023 sórí gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, kò pé 27 nínú 100. Bí ẹ bá pín in sórí àwọn 87,209,007 tó gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ wọn, ó lé ní 28. Orúkọ òkú àti orúkọ ẹni tó ti kó lọ sí òkè òkun ṣì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má sì yí i padà láàárín ìwé.

2. Ẹ má ṣe to èsì ibùdó ìdìbò ti 2019 àti ti 2023 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé ibì kan náà ni wọ́n. Ọdún 2021 ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, sọ ibùdó di 176,846, láti nǹkan bí 120,000.

3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí baálẹ̀ ṣa èèyàn fún yín. Ẹ kí i, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Ṣùgbọ́n bó bá ti ránṣẹ́ pe ogún èèyàn wá sí iwájú ilé rẹ̀, ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá máa ka ilé bí ẹ ṣe pinnu tẹ́lẹ̀, títí dé àwọn ilé tó wà lẹ́yìn, tí ọkọ̀ kò dé. Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ tó wọkọ̀. Mo ti dé ìlú kan ní Òkè Ògùn lọ́jọ́ ọjà rí. Àwọn àgbà ọkùnrin tó jókòó nílé nìkan ni mo bá. Mo padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé 90, àwọn obìnrin inú wọn kò pé mẹ́wàá, mo sì tún san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

4. Èyí ló ń dùn mí jù lọ. Ẹ má ṣe kọ ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ wá ní kí àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ọmọ mẹ́fà á túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, ìbéèrè mẹ́fà lẹ sì ti béèrè yẹn.

Ẹ wo “ẹ” lásán. Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó máa sọ fún bàbá ẹni 70 ọdún pé “Ṣé o dìbò?” “Ṣé ẹ dìbò?” ló máa sọ. Ṣùgbọ́n “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan náà la fi ń bá agbo ilé sọ̀rọ̀. Bàbá á wo ìyàwó rẹ̀, á wo ọmọ rẹ̀, á ní, “A dìbò.” Kò purọ́: ìyàwó rẹ̀ dìbò. Orúnkún ló ń dun òun lọ́jọ́ náà, kò sì jáde. Àwọn mìíràn ò jáde rárá, ṣùgbọ́n ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé gíga tó gbé bírò dání. Ìbéèrè tí èmi ń lò nìyí: “Bàbá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò rójú ráyè dé ibi ìdìbò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin gan-an fúnra yín ńkọ́, ṣé ó ṣeé ṣe fún yín, àbí kò bọ́ sí i?” Ó gùn. Ó fún un láyè láti sọ pé kò bọ́ sí i. Ìdáhùn tó ń wá ń jọ ìdáhùn èèyàn.

“Ẹgbẹ́” ńkọ́? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbé “Ẹgbẹ́ wo lẹ wà?” lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìkirè. Ìyá àgbà kan dá mi lóhùn pé ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn ni, àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìdáhùn. Mọ́kànlá irú rẹ̀ ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo jókòó ti àtùpà lálẹ́ ló yé mi pé ìyá náà dáhùn ohun tí mo bi í gẹ́lẹ́. Èmi ni mi ò sọ “òṣèlú”. Kódà, bí ẹ bá sọ ọ́, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta tí ẹ ń pè kò fi bẹ́ẹ̀ yé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Àwọn tó gbé ayé ìgbà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀ tó fi igi ọ̀pẹ ṣe àmì, àmì ni wọ́n mọ̀. Ẹ ya ìgbálẹ̀ APC àti agbòòrùn PDP sórí páálí, ẹ jẹ́ kí wọ́n nawọ́ sí i.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni “aṣojú”. “Ṣé aṣojú yín ń ṣe dáadáa?” Aṣojú wo? Ẹni tó ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ní ẹnì kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Óṣogbo, ó ní ẹnì kan l'Ábùjá tí ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ yàn, ó sì ní sẹ́nétọ̀. Èèyàn mẹ́rin nìyẹn. Ìyá tí ẹ bi á rántí ẹni tó gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá sí àdúgbò, á sì yìn ín. Ẹ wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé inú àwọn ará Ifẹ̀ dùn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Ẹ dárúkọ ipò náà, ẹ béèrè bóyá ẹni náà mọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó béèrè bó ṣe ń ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìdáhùn gidi nìyẹn náà.

Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí ẹnì kan túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ fi wọ́n wéra. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi ogún èèyàn, kí ẹ sì bi wọ́n lẹ́yìn ìdáhùn pé, “Kí lẹ gbọ́ tí mo sọ?” Èkìtì àti Ìjẹ̀bú ò ní í gbọ́ ọ bákan náà. Mo bẹ yín, ẹ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó ìbò ló kàn. Nígbà ìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018, “dìbò kó o sebẹ̀” wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí ìwé ìbéèrè tó kọ ọ́ gbalaja pé, “Ṣé ẹ gba owó?” Ìwà ọ̀daràn lẹ ní kí ẹni ẹlẹ́ni jẹ́wọ́ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ kèké pín àwọn èèyàn yín sí ọ̀nà méjì. Ẹ ka ohun mẹ́rin fún apá kìíní: wọ́n gbọ́ ìpolongo lórí rédíò, olóṣèlú wá sí àdúgbò, wọ́n lọ sí ìpàdé, wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ògiri ilé wọn. Ẹ ka mẹ́rin yẹn fún apá kejì, kí ẹ fi ìkarùn-ún kún un, pé ẹnì kan fún wọn lówó tàbí oúnjẹ nítorí ìbò. Iye tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìkan ni kí wọ́n sọ, kí wọ́n má sọ èwo. Bí apá kìíní bá já sí 1.8 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí apá kejì já sí 2.1, ìyàtọ̀ 0.3 yẹn ní nǹkan bí 30 nínú 100 ló gbà á. Kò sẹ́ni tó tú àṣírí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é pẹ̀lú 80 èèyàn. Ó ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ má sì rò pé ẹni tó gbowó dìbò fún olówó. Ìbéèrè mìíràn nìyẹn.

Ẹ má wọ fìlà tàbí aṣọ tó ní àwọ̀ ẹgbẹ́ kankan jáde.

Ẹ má san owó iṣẹ́ tán kí ẹ tó padà pe díẹ̀ lára àwọn tí àwọn ọmọ yín ní àwọn bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi ìwádìí 600 èèyàn sọ ẹni tó máa wọlé níbi tí ìdíje ti le. Irú rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ṣi ọ̀nà sókè tàbí sísàlẹ̀. Níbi ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní September 2018, ìbò 353 ló wà láàárín ẹni kìíní àti ẹnì kejì kí wọ́n tó tún un dì láwọn ibùdó méje. Lẹ́yìn àtúndì, ẹni tó wà lẹ́yìn ló wá fi 482 borí. Ìwádìí wo ló máa rí ìyẹn?

Ẹ má sì wo èsì ìpínlẹ̀ kí ẹ sọ pé ẹ ti mọ ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi ìbò ààrẹ 2023, Tinubu tó jẹ́ ọmọ Yorùbá pàdánù Ọ̀ṣun, ó ní 343,945, Atiku ní 354,366. L'Ékòó, Obi ní 582,454, Tinubu ní 572,606. Kò sí èyí nínú àwọn iye yìí tó sọ ẹ̀yà ẹni tó tẹ̀ka fún ta ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti fi ìbéèrè tó ní ìṣòro sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ṣì wúlò. Èmi àti òun ti jókòó kọ mẹ́sàn-án tuntun, bàbá kan ní àdúgbò mi sì ti ní kí a pààrọ̀ méjì nínú wọn. Wọ́ọ̀dù méjì péré ló máa padà sí, ó sì ti béèrè ọjọ́ ọjà wọn.